Ọ̀ọ́dúnrún Ẹyọ Kòkó

  Ẹ má gbé pẹ́ńsùlù yín jìnnà, nítorí a ó ṣe ìṣirò díẹ̀ kí a tó túká.

Nígbà tí kòkó bá ti ń jáde lóko, àríyànjiyàn kan wà tí kì í wọ́n ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ẹmùré, àti ní gbogbo ìhà ibẹ̀ títí lọ dé Òmùò. Àgbẹ̀ kan kó kòkó rẹ̀ wá sí sítọ̀. Wọ́n yẹ ẹ́ wò, wọ́n ní gíréèdì kìn-ín-ní ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn tún yẹ kòkó kan náà wò, ó ní gíréèdì kejì ni. Owó gíréèdì méjèèjì kì í dọ́gba. Ni baba bá yarí pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Sípẹ́kítọ̀ náà takú, ó ní òun kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó dúró wò wọ́n a pín sí ọ̀nà méjì, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo wọn jọ gbà: pé nínú ẹni méjì tó yẹ kòkó wò, ọ̀kan ní láti jẹ́ olè tàbí aláìmọṣẹ́.

Ohun tí gbogbo wọn jọ gbà yìí gan-an ni kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ olóòótọ́, kí iṣẹ́ sì dá wọn lójú, síbẹ̀ kí iye tí wọ́n rí má dọ́gba. Ìmọ̀ tí ń ṣàlàyé èyí ni wọ́n ń pè ní statistics ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìyẹn ni ìmọ̀ bí a ṣe ń fi díẹ̀ mọ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí orúkọ rẹ̀ ti le.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń yẹ kòkó wò. Àpò kòkó kan a máa wọn nǹkan bí kílò 62 àti ààbọ̀, àpò mẹ́rìndínlógún sì ni tọ́ọ̀nù kan. Ẹyọ kòkó gbígbẹ tó dára kò ju gíráàmù kan lọ tàbí kí ó lé díẹ̀, nítorí náà nínú tọ́ọ̀nù kan, ẹyọ kòkó a máa súnmọ́ mílíọ̀nù kan. Kò sí ẹni tó lè la mílíọ̀nù kan ẹyọ kòkó wò. Bí ó tilẹ̀ lè là á, kí ni yóò kù láti tà? Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi irin olójú ihò gún àpò láti òkè, láti àárín àti láti ìsàlẹ̀, tí wọ́n á fa díẹ̀díẹ̀ jáde. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á pò ó, wọ́n á máa pín in sí mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi kù díẹ̀. Nínú èyí tó kù ni wọ́n á ti ka ọ̀ọ́dúnrún ẹyọ, láìṣa ńlá, láìṣa kékeré. Wọ́n á fi ọ̀bẹ là á láàárín gbùngbùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì wo inú rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá. Èkíní ni èyí tó ti bu, tí ohun funfun bí òwú ti hù nínú rẹ̀, nítorí pé wọn kò sá a gbẹ dáadáa. Èkejì ni èyí tí inú rẹ̀ rí bí àwọ̀ síléètì, nítorí pé àgbẹ̀ kò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó pẹ́ tó. Ẹ̀kẹta ni èyí tí kòkòrò jẹ, tàbí tó ti hù, tàbí tó fẹ́lẹ́ tí kò ní nǹkan nínú. Ní ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ta kòkó àti àwọn tí ń rà á jọ fọwọ́ sí, gíréèdì kìn-ín-ní kò gbọdọ̀ ní ju ìdá 3 nínú 100 lọ ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gíréèdì kejì lè ní ìdá 4 tó bu, ìdá 8 tó rí bíi síléètì, àti ìdá 6 ti oríṣi kẹta. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tó bu nìkan. Ìdá 3 nínú 100, bí a bá là 300, jẹ́ ẹyọ 9. Bí sípẹ́kítọ̀ bá rí 9, kòkó yege. Bí ó bá rí 10, kò yege. Ẹyọ kòkó kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀rín àti ẹkún!

Ìbéèrè wá ni pé, bí a bá fa ọ̀ọ́dúnrún míràn jáde nínú àpò kan náà, ṣé 9 náà ni a ó tún rí? Gbogbo wa la mọ̀ pé kò dájú. A lè rí 7, a lè rí 11. Ṣùgbọ́n ṣé a lè rí 30? Ìyẹn náà kò jọ. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Iye tí a ń rí ń sún síwá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sún bó ṣe wù ú. Ó ní ọ̀nà tó ń tọ̀, àwọn baba wa sì ní ohun kan lọ́wọ́ tí a lè fi rí ọ̀nà náà kedere.

Ohun náà ni ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ti ìṣirò nìkan ni mo fẹ́ sọ o. Mo fi ti ìtumọ̀ sílẹ̀ fún àwọn babaláwo. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ìdajì èso mẹ́jọ, mẹ́rin ní apá ọ̀tún, mẹ́rin ní apá òsì. Bí a bá jù ú sílẹ̀, ìdajì kọ̀ọ̀kan lè ṣí inú sókè, ó sì lè dojú dé. Ọ̀nà méjì fún èkíní, méjì fún èkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀kẹjọ: bí ẹ bá sọ méjì di púpọ̀ lọ́nà mẹ́jọ, 256 ni ẹ ó rí, iye odù Ifá gan-an nìyẹn. Ní báyìí, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má wo orúkọ odù. Ẹ ka iye ìdajì tó ṣí nìkan. Odù mélòó ni gbogbo mẹ́jọ ti ṣí? Ọ̀kan péré, Èjì Ogbè. Odù mélòó ni kò sí èyí tó ṣí? Ọ̀kan náà ni, Ọ̀yẹ̀kú Méjì. Èyí tí ẹyọ kan ṣí nínú rẹ̀ jẹ́ 8, nítorí pé ẹyọ kan náà lè jẹ́ èyíkéyìí nínú mẹ́jọ. Èyí tí méjì ṣí jẹ́ 28. Èyí tí mẹ́ta ṣí jẹ́ 56. Èyí tí mẹ́rin ṣí jẹ́ 70. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀: 56, 28, 8, 1.

Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ jọ, kí ẹ tò wọ́n sí okìtì mẹ́sàn-án lórí ìlà kan: ọ̀kan, mẹ́jọ, méjìdínlọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni ẹ rí? Ebè iṣu ni! Àárín ga, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń rọra rẹlẹ̀ títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba. Àwọn Òyìnbó ní ó jọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, agogo ni wọ́n sì fi ń pè é; ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ ebè rí kò nílò agogo. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún ọ̀pẹ̀lẹ̀ kó fẹ́ràn àárín. Ọ̀nà tó lọ sí àárín ló pọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo rẹ̀ fi lè ṣí, ṣùgbọ́n ọ̀nà àádọ́rin ló wà tí ìdajì rẹ̀ fi lè ṣí.

Bí èso bá pọ̀ sí i, tí kì í ṣe mẹ́jọ mọ́, tó di ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún, ebè náà a túbọ̀ máa dán, igun rẹ̀ a sì parẹ́. Abraham de Moivre, ará Faransé kan tó sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ẹ̀sìn, ni ó kọ́kọ́ kọ ìṣirò ebè dídán yìí jáde ní 1733. Nígbà tó yá, Carl Friedrich Gauss ti ilẹ̀ Jámánì lò ó fún àṣìṣe àwọn tí ń wọn ipò ìràwọ̀. Àwọn ará Jámánì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ya àwòrán Gauss àti ebè náà sórí owó máàkì mẹ́wàá wọn, kí owó yúrò tó gba ipò rẹ̀ ní 2002. Normal distribution ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Níbikíbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun kéékèèké bá ti para pọ̀, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó borí ìyókù, ebè yìí ni yóò yọ. Ẹ to àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá ti ilé-ìwé ńlá kan bí wọ́n ti ga sí, ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má retí rẹ̀ níbi gbogbo. Ẹ kọ iye owó tó wà lápò gbogbo ẹni tó wà lọ́jà sílẹ̀, kì í ṣe ebè ni ẹ ó rí: ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò kó jọ sí ìsàlẹ̀, àwọn olówó díẹ̀ yóò sì wà lókèèrè réré bí ìrù ẹṣin.

Ebè náà ní ìwọ̀n kan tí a fi ń mọ̀ bí ó ti fẹ̀ tó. Èmi yóò pè é ní ìṣísẹ̀. Ẹ dúró sí àárín ebè. Bí ẹ bá gbé ìṣísẹ̀ kan sí ọ̀tún, tí ẹ gbé ọ̀kan sí òsì, ibi tí ẹ ká mọ́ yóò ní ìdá 68 nínú 100 gbogbo erùpẹ̀ ebè náà. Bí ó bá jẹ́ ìṣísẹ̀ méjì-méjì, ìdá 95 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, 997 nínú 1,000 ni, ohun tó kù kò tó nǹkan. Ti ọ̀pẹ̀lẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.4. Ìṣísẹ̀ méjì láti orí mẹ́rin yóò gbé wa dé láti méjì tó ṣí títí dé mẹ́fà tó ṣí: ẹ ro ó pọ̀, 28, 56, 70, 56, 28, ó jẹ́ 238 nínú 256, ìyẹn ìdá 93. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó ní ìdajì mẹ́jọ péré ti súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí sítọ̀ kòkó. Ọ̀ọ́dúnrún ẹyọ tí a là dà bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ńlá tó ní ọ̀ọ́dúnrún ìdajì, àfi pé "bíbu" kì í ṣe ọ̀kan nínú méjì, ó jẹ́ mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Báwo ni ìṣísẹ̀ rẹ̀ ti gùn tó? Ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ẹ kọ ìdá tó bu: 0.03. Ẹ kọ ìdá tí kò bu: 0.97. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 0.0291. Ẹ fi iye ẹyọ tí a là, 300, pín in: 0.000097. Ní ìgbẹ̀yìn, ẹ wá nọ́ḿbà tó jẹ́ pé bí a bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, èyí ni a ó rí. Ó súnmọ́ 0.01, ìyẹn ìdá 1 nínú 100. Ìṣísẹ̀ kan nìyẹn. Ìṣísẹ̀ méjì jẹ́ ìdá 2. Nítorí náà, sípẹ́kítọ̀ tó rí 9 nínú 300 kò yẹ kó sọ pé "ìdá 3 ni kòkó yìí bu." Ohun tó mọ̀ ní tòótọ́ ni pé ó bu láti nǹkan bí ìdá 1 títí dé nǹkan bí ìdá 5. Àyè tó wà láàárín 1 àti 5 yìí ni àwọn ìwé ń pè ní confidence interval. Èmi yóò pè é ní àyè ìdánilójú. (Nígbà tí iye tó bu bá kéré bí èyí, ebè a máa tẹ̀ díẹ̀ sápá kan, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á sì sún àyè náà sókè díẹ̀. Kò ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́.)

Ẹ wá wo àwọn méjì tí ń jà. Ká ní ìdá 3 gan-an ni gbogbo kòkó baba fi bu. Ẹni àkọ́kọ́ rí 6 nínú 300, ìyẹn ìdá 2. Àyè rẹ̀ jẹ́ láti nǹkan bí 0.4 dé 3.6. Ẹnì kejì rí 12, ìyẹn ìdá 4. Àyè rẹ̀ jẹ́ láti 1.7 dé 6.3. Òtítọ́, tí í ṣe 3, wà nínú àyè àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó purọ́. Bí a bá sì yẹ irú kòkó bẹ́ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni yóò ju ẹyọ 9 lọ tí wọn yóò sì já a bọ́ láti gíréèdì kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀ ni kò rú òfin kankan. Nǹkan ńlá ni èyí fún ẹni tí ń ta kòkó. Àgbẹ̀ tó sá kòkó rẹ̀ títí tí èyí tó bu fi jẹ́ ìdá 1 péré, kò ní já bọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀marùn-ún ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó fi tirẹ̀ sí etí ààlà, tó ní "ṣebí ìdá mẹ́ta ni wọ́n ní kó má kọjá," onítọ̀hún ń ta tẹ́tẹ́ ni láìmọ̀.

Lójú tèmi, nígbà tí iye tí a rí bá súnmọ́ ààlà, ó yẹ kí wọ́n tún là sí i. Ṣùgbọ́n mélòó? Níbí ni ìṣirò ti ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà. Bí a bá fẹ́ kí àyè ìdánilójú kéré sí ìdajì, kì í ṣe ìlọ́po méjì ni a ó là, ìlọ́po mẹ́rin ni: 1,200 ẹyọ. Ìgbà náà ni ìṣísẹ̀ yóò di ìdajì ìdá 1, tí àyè náà yóò sì jẹ́ láti 2 dé 4. Bí a bá fẹ́ kó tún kéré sí ìdajì ìyẹn, ó di 4,800. Ìmọ̀ kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, 1,200 ẹyọ kò ju nǹkan bí kílò kan àti díẹ̀ lọ nínú tọ́ọ̀nù kan.

Ẹnì kan lè béèrè pé, "Tíṣà, bí ó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù ńkọ́? Ṣé kò yẹ kí a là á ní ọgọ́rùn-ún ìlọ́po ni?" Rárá o. Ìyá tí ń se ọbẹ̀ fún ẹni mẹ́fà nílé a fi ṣíbí kan tọ́ iyọ̀ wò. Lọ́jọ́ ìyàwó, tí ìkòkò tó ẹni igba, ṣé ṣọ́bìrì ló ń fi tọ́ ọ wò? Ṣíbí kan náà ni, bí ó bá ṣáà ti ro ọbẹ̀ náà dáadáa. Iye tí a tọ́ wò ló ń sọ bí ìmọ̀ wa ti tó, kì í ṣe bí ìkòkò ti tóbi tó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: bí ó bá ti ro ó dáadáa ni mo wí. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan wà tí wọ́n ń kó kòkó rere sí òkè àpò, tí wọ́n sì ń fi èyí tó bu sí ìdí. Bí sípẹ́kítọ̀ bá bu tirẹ̀ ní òkè nìkan, kó là 300, kó là 3,000, irọ́ ni kòkó yóò máa pa fún un, àyè ìdánilójú rẹ̀ yóò sì kàn jẹ́ àyè kékeré tó rọ̀ mọ́ irọ́. Ìṣirò tí mo ṣe yìí kò lè wo àrùn náà sàn.

Ó ku ohun kan tí àwọn tó ti kàwé gan-an máa ń sọ lódì. Kí ni ìdá 95 tí a ń wí yìí túmọ̀ sí? Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó fẹ́ fi agbọ̀n dé òròmọdìẹ kan lálẹ́, nínú òkùnkùn. Òròmọdìẹ náà ti sùn, kò kúrò lójú kan. Agbọ̀n ni ó ń lọ sókè sódò. Ìyá yìí mọ̀ ọ́n ṣe débi pé nínú ìgbà ọgọ́rùn-ún tó bá gbé agbọ̀n sílẹ̀, ìgbà 95 ni òròmọdìẹ yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Òtítọ́ ni òròmọdìẹ: kòkó baba ní iye kan pàtó tó bu, kò yí padà nítorí pé a ń yẹ ẹ́ wò. Àyè ìdánilójú ni agbọ̀n. Ìdá 95 jẹ́ ti ọwọ́ ìyá náà, kì í ṣe ti agbọ̀n ìrọ̀lẹ́ òní. Agbọ̀n ti òní, yálà ó dé e tàbí kò dé e, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́ kí a rí i. Jerzy Neyman, ọmọ ilẹ̀ Pólàńdì, ló fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1937. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí agbọ̀n máa dé òròmọdìẹ ní ìgbà 99 nínú 100, ó ṣeé ṣe: kí ẹ ra agbọ̀n tó tóbi sí i. Agbọ̀n tó gba gbogbo àgbàlá kò ní tàsé láé, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí òròmọdìẹ wà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi sítọ̀ kòkó sílẹ̀, kí a lọ sí yàrá ìgbẹ̀bí, nítorí pé ìṣirò kan náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ohun tó wà nínú agbọ̀n níbẹ̀ sì ṣe iyebíye ju kòkó lọ. Ní Nàìjíríà, àjọ tí ń ka ènìyàn ti máa ń ṣe ìwádìí ńlá kan láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń pè ní Demographic and Health Survey. Ní 2008, 33,385 obìnrin ni wọ́n bi léèrè ọ̀rọ̀. Ní 2013, 38,948 ni. Ní 2018, 41,821 ni, ní nǹkan bí 1,400 àdúgbò káàkiri orílẹ̀-èdè, ọgbọ̀n ilé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n wá ni iye abiyamọ tó ń kú. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó kú kò lè dáhùn? Wọ́n á bi obìnrin kọ̀ọ̀kan pé: àwọn wo ni ìyá rẹ bí? Àwọn wo ló wà láàyè? Nínú àwọn arábìnrin rẹ tó kú, ǹjẹ́ ó lóyún nígbà náà? Ǹjẹ́ orí ìkúnlẹ̀ ni, tàbí kété lẹ́yìn ìbímọ? Ìbéèrè tó wúwo ni. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń dáhùn.

Èyí ni ohun tí wọ́n rí. Fún 100,000 ọmọ tí a bí láàyè, ìwádìí 2008 ní abiyamọ 545 ló kú. Ti 2013 ní 576. Ti 2018 ní 512. Ẹni tó bá ka nọ́ḿbà mẹ́ta yìí lásán yóò pariwo lẹ́ẹ̀mejì: àkọ́kọ́ pé nǹkan ti bàjẹ́ sí i láàárín 2008 àti 2013, ìkejì pé ó ti dára láàárín 2013 àti 2018. Olóṣèlú alátakò yóò di àkọ́kọ́ mú, olóṣèlú tó wà lórí oyè yóò di ìkejì mú. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìwé náà kọ àyè ìdánilójú sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan, níbi tí ẹni tí ń kánjú kì í wò. Ti 2008 jẹ́ láti 475 dé 615. Ti 2013 jẹ́ láti 500 dé 652. Ti 2018 jẹ́ láti 447 dé 578. Agbọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé 540 ni òtítọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí kò sún rárá, abẹ́ agbọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò wà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé nǹkan kan kò yí padà. Ó lè ti dára, ó lè ti burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rí yìí kò lágbára tó láti búra lé lórí lápá kankan. Àti pé ní 2018, wọ́n tún ìtumọ̀ náà ṣe: wọ́n yọ àwọn tí jàm̀bá tàbí ìwà ipá pa kúrò, wọ́n sì ka ọjọ́ 42 lẹ́yìn ìbímọ dípò oṣù méjì. Nítorí náà, kò tilẹ̀ ṣe déédéé láti gbé 512 ti ẹ̀gbẹ́ 576 láìsọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí nọ́ḿbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ láìmikàn ni pé kódà ní ìsàlẹ̀ pátápátá àyè tó kéré jù, 447, abiyamọ tó ń kú ti pọ̀ jù. Kò sí àyè ìdánilójú kankan níbẹ̀ tó fún ẹnikẹ́ni ní ìsinmi.

Àwọn ará ilé wa ní Èkìtì a máa béèrè pé: èló ni ti ìpínlẹ̀ tiwa? Ìwé 2018 náà kò kọ iye ikú abiyamọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín 41,821 obìnrin sí ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, ìwọ̀nba ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, arábìnrin tó kú sórí ìkúnlẹ̀ nínú ìdáhùn wọn yóò sì kéré débi pé agbọ̀n yóò bo gbogbo àgbàlá. Àwọn tí ọgbọ̀n ilé wọn wà ládùúgbò kan náà tún máa ń jọ ara wọn: ilé ìwòsàn kan náà, ọ̀nà kan náà, omi kan náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọgbọ̀n ilé ní ọ̀nà kan kò kọ́ni tó ọgbọ̀n ilé ní ọgbọ̀n ìlú.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò ìkẹyìn, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. Àyè 2018 fi nǹkan bí 65 lé sókè, ó sì fi 65 dín nísàlẹ̀ 512. Ká ní a fẹ́ kó di 10 péré, kí a lè rí i bí ikú bá fi díẹ̀ dín kù. 65 pín sí 10 jẹ́ 6.5. Ẹ fi 6.5 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti kòkó: ó ju 42 lọ. Ẹ fi 42 sọ 41,821 di púpọ̀. Yóò ju mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin obìnrin lọ, ìyẹn ju 1,700,000 lọ dáadáa, tí a ó lọ bá nílé lọ́kọ̀ọ̀kan láti bi wọ́n léèrè àwọn arábìnrin wọn. Kò sí ìjọba tí yóò náwó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè tó mọ iye abiyamọ wọn tó ń kú dájú kì í fi ṣíbí tọ́ ọ wò. Ìwé ni wọ́n fi ń kọ ikú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ orí, àti ohun tó pa á.